Wọ́n Ní Ìran Tó Ti Gbó Ni: Ìtàn Ámónáìtì, Ẹran Òkun Tí Ìkarahun Rẹ̀ Lọ́ Bí Ìfun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí abúlé tí kò mọ bí ìkarahun ìgbín ṣe máa ń rí. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó kékeré, yóò máa yípo, yóò sì máa fẹ̀ sí i títí yóò fi dé ẹnu. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún yín pé òun rí èyí tí ìkarahun rẹ̀ nà gbọọrọ bí ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀, tàbí èyí tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, tàbí èyí tó lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́ nínú abọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ sọ pé àìsàn ló ń ṣe é, tàbí kí ẹ ní àmì burúkú ni.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n rí irú ìkarahun bẹ́ẹ̀ nínú òkúta. Kì í ṣe ìgbín ni wọ́n rí o. Ẹran inú òkun kan tí wọ́n ń pè ní ámónáìtì ni, èyí tó ti parẹ́ kúrò láyé láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Fún ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ ni àwọn àgbà nínú ìmọ̀ náà fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé pé àwọn ámónáìtì tí ìkarahun wọn ṣàjèjì yìí jẹ́ ìran tó ti darúgbó, tí agbára ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí sàréè. Ní kúkúrú, òkú ni wọ́n dá lẹ́bi ikú tó pa á. Àmọ́ nígbà tí àwọn mìíràn padà lọ yẹ ìkarahun náà wò láti inú, ẹjọ́ náà yí padà. Bó ṣe yí padà ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí ló ń jẹ́ ámónáìtì?

Ámónáìtì kì í ṣe ẹja, kì í sì í ṣe ìgbín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú agboolé ńlá kan náà ni òun àti ìgbín ti wá, ìyẹn agboolé àwọn ẹran tí ara wọn rọ̀, tí wọn kò sì ní eegun. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù tí wọ́n ṣì wà láyé ni octopus àti squid, àwọn ẹran òkun alápá púpọ̀. Ó tún ní ìbátan kan tó jìnnà díẹ̀ sí i, tí wọ́n ń pè ní nautilus. Èyí ṣì ń gbé inú òkun Pàsífíìkì àti òkun Íńdíà títí di òní, òun náà sì ní ìkarahun tó yípo.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìkarahun ìgbín àti ti ámónáìtì, inú ló wà. Bí ẹ bá fọ́ ìkarahun ìgbín, ihò kan ṣoṣo ló gba inú rẹ̀ lọ. Ti ámónáìtì dà bí ilé oníyàrá púpọ̀. Yàrá tó wà lẹ́nu pátápátá nìkan ni ẹran náà ń gbé. Bó bá ti ń dàgbà, tí yàrá náà ti há mọ́ ọn, yóò sún síwájú, yóò sì mọ ògiri dí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Okùn ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan la gbogbo ògiri náà kọjá, òun ló ń fa omi inú àwọn yàrá ẹ̀yìn jáde kí atẹ́gùn lè wọ ibẹ̀. Atẹ́gùn yìí ni kì í jẹ́ kí ẹran náà rì, gẹ́gẹ́ bí akèrègbè tí àwọn apẹja máa ń gùn lójú odò ṣe máa ń gbé wọn léfòó.

Ọ̀dọ̀ Ámónì, òrìṣà àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ tí wọ́n máa ń yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ìwo àgbò, ni wọ́n ti mú orúkọ ẹran yìí. Pliny, ará Róòmù tó kú lọ́dún 79, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní ìwo Ámónì. Ní ìlú Whitby, ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ejò ni àwọn ará ìgbà náà pè é. Wọ́n ní obìnrin mímọ́ kan tó ń jẹ́ Hilda ló gbàdúrà tí gbogbo ejò ìlú náà fi di òkúta, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì máa ń gbẹ́ orí ejò sí ẹnu òkúta náà kí wọ́n tó tà á. Ní odò Gandaki, ní ilẹ̀ Nepal, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń bu ọlá fún un títí di òní gẹ́gẹ́ bí àmì òrìṣà wọn, Vishnu. Ẹ ò rí i pé kò sí ibi tí òkúta yìí dé tí wọn kò ti wá ìtumọ̀ fún un.

Ìran àwọn ẹran yìí ti wà láyé láti ohun tó ju mílíọ̀nù 400 ọdún sẹ́yìn. Ní gbogbo ìgbà gígùn yẹn, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló ní ìkarahun tó ká pẹlẹbẹ bí okùn tí wọ́n ká sílẹ̀. Èyí ni gbogbo ayé mọ̀ sí ámónáìtì. Àwọn tó yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Àwọn tó kọ̀ láti ká

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Baptiste Lamarck, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fún wọn lórúkọ. Ní ọdún 1799, ó sọ ọ̀kan tó nà tààrà ní Baculites, láti ara ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ọ̀pá. Ní ọdún 1801, ó sọ òmíràn ní Turrilites, èyí tó yí gun òkè bí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta, àmọ́ tó gùn ju òkòtó lọ dáadáa. Ní ọdún 1811, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Parkinson, fi méjì kún un: Hamites, tó tẹ̀ bí ìwọ̀, àti Scaphites, tó dà bí ọkọ̀ ojú omi. Parkinson yìí kan náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn tó máa ń mú ọwọ́ àwọn àgbàlagbà gbọ̀n, nítorí òun ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1817.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni orúkọ ń pọ̀ sí i. Crioceratites ká bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n àwọn ìká rẹ̀ kò fara kan ara wọn, àlàfo wà láàárín wọn bíi ti ìwo àgbò gidi. Ancyloceras bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìká, ó nà jáde, ó sì tún ṣẹ́rí padà sókè lẹ́nu. Diplomoceras ni ẹ bá rí tí ẹ ó rántí kílíìpù tí àwọn akọ̀wé fi ń há ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì, àmọ́ kílíìpù yìí lè gùn tó mítà kan àbọ̀. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Syracuse ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ tó gbé ní agbègbè Antarctica lo tó 200 ọdún láyé.

Orúkọ tí wọ́n wá fi ń pe gbogbo wọn lápapọ̀ ni heteromorph, èyí tó túmọ̀ ní èdè Gíríìkì sí ẹni tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí orúkọ tó jẹ́ orúkọ lásán, àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ ọ́ di ẹ̀sùn.

Ẹjọ́ tí wọ́n dá fún òkú

Alpheus Hyatt, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní ọdún 1902, ni òléwájú nínú àwọn tó gbé èrò náà kalẹ̀. Ó ní bí ènìyàn ṣe ń ṣe ọmọdé, tó ń dàgbà, tó sì ń darúgbó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìran ẹran kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe. Ìran tó bá ti darúgbó kò ní lè mójú tó ìrísí rẹ̀ mọ́, bí arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Lójú Hyatt, ìkarahun tó tú ká tó sì lọ́ yìí ni ẹ̀yìn títẹ̀ ìran ámónáìtì.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Otto Schindewolf, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì, tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà tirẹ̀. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1950, ó pín ìgbésí ayé ìran ẹran kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta: ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ tí nǹkan ń yí padà kíákíá, ìgbà ìdúróṣinṣin, àti ìgbà ìtúká tí gbogbo nǹkan dàrú kí ikú tó dé. Ìgbà kẹta yìí ló gbé àwọn heteromorph sí.

Kí á má purọ́ mọ́ wọn, wọn kò ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 201 ọdún sẹ́yìn, àjálù ńlá kan pa ọ̀pọ̀ ohun abẹ̀mí inú òkun, díẹ̀ ló sì kù kí ìran ámónáìtì parẹ́ nígbà náà. Àwọn kan tí ìkarahun wọn tú ká, bíi Choristoceras, wà lára àwọn tó gbẹ̀yìn kí àjálù yẹn tó dé. Bákan náà, nígbà tí ámónáìtì parẹ́ pátápátá ní mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, àwọn heteromorph pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá rí ènìyàn kan náà níbi òkú méjì lè fura sí i. Ṣùgbọ́n wíwà níbi òkú kò sọ pé ẹni náà ló pa á.

Èyí tí wọ́n pè ní aláìsàn ní Japan

Ní ọdún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan, Hisakatsu Yabe, kọ̀wé nípa ámónáìtì kan tí wọ́n rí ní erékùṣù Hokkaido. Kò sí irú rẹ̀ rí. Kò ká, kò nà, kò sì gùn bí òkòtó. Ńṣe ló tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ sósì, ó lọ sókè, ó tún ṣẹ́rí wá sísàlẹ̀, títí ó fi di òṣùṣù bí ìfun. Yabe sọ ọ́ ní Nipponites mirabilis, ìyẹn ni pé ohun ìyanu ilẹ̀ Japan.

Àwọn kan ò gbà. Wọ́n ní ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àìsàn tàbí ìfarapa ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn dà bí òdodo, àfi nígbà tí wọ́n tún rí òmíràn, tí wọ́n tún rí òmíràn, tí gbogbo wọn sì lọ́ bákan náà. Àìsàn kì í pa ènìyàn mẹ́wàá lára kó fi àpá kan náà sí ojú kan náà. Bí ẹ̀dá náà ṣe rí nìyẹn.

Ní ọdún 1988, ọmọ Japan mìíràn, Takashi Okamoto, gbé ọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà. Ó rí i pé òfin kan tó rọrùn ló wà nídìí lílọ́ náà. Bí ẹran náà ṣe ń dàgbà, tí ẹnu ìkarahun rẹ̀ bá ti fẹ́ kọjú sókè jù, yóò yí ọ̀nà padà. Bó bá ti fẹ́ dojú kọlẹ̀ jù, yóò tún yí padà. Ohun tó ń wá ni kí ẹnu rẹ̀ máa wà ní ibi tó dára fún un nínú omi. Okamoto tún fi hàn pé ìyípadà díẹ̀ nínú òfin ìdàgbàsókè yìí ti tó láti sọ ámónáìtì kan tó ń yí bí òkòtó, Eubostrychoceras, di Nipponites. Ìyẹn ni pé ohun tí ojú ń rí bí ìdàrúdàpọ̀, ètò ló wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2020, David Peterman láti Amẹ́ríkà àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tún ṣe ìṣirò lórí bí Nipponites ṣe ń léfòó. Wọ́n rí i pé kò ní rì, kò sì ní dojú dé. Bó bá ń tu omi jáde láti rìn, ńṣe ni yóò máa yí po jẹ́jẹ́ lójú kan bí ẹni tó ń jó. Irú rìnrìn bẹ́ẹ̀ kò lè bá ẹja sáré, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹran tó ń ṣa oúnjẹ kékeré jẹ nínú omi. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí àtijọ́ ní Japan ti sọ Nipponites di àmì ẹgbẹ́ wọn. Ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, tí ìwé Yabe jáde, ni wọ́n sì fi ṣe àyájọ́ ọjọ́ òkúta ohun abẹ̀mí láti ọdún 2018. Aláìsàn àná ti di ọ̀ṣọ́ ilé.

Ilà tó wà nínú ìkarahun

Ẹni tó tú ẹjọ́ náà palẹ̀ gan-an ni Jost Wiedmann. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ ló mú ọ̀rọ̀ náà dùn, nítorí Yunifásítì Tübingen kan náà tí Schindewolf ti kọ́ni ni. Ní ọdún 1966 ni Wiedmann ti gbé ètò tuntun kalẹ̀ fún pípín àwọn ẹran yìí sí ìdílé ìdílé. Ní ọdún 1969, ó wá kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan tó fi bi èrò àtijọ́ náà ṣubú.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ̀ pé láyé àtijọ́, bí àlejò bá wọ ìlú, wọn kì í fi aṣọ tó wọ̀ mọ ibi tó ti wá. Ilà ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àbàjà, gọ̀ǹbọ́ tàbí pélé ló máa sọ ìdílé rẹ̀. Ámónáìtì náà ní ilà. Ibi tí ògiri yàrá inú bá ti pàdé ìkarahun òde, àmì kan máa ń hàn níbẹ̀ nígbà tí èèpo òde bá ti ṣí kúrò. Àmì náà máa ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, á yọ síwájú, á tún wọnú bíi kòtò, bí etí ewé tí wọ́n gé wẹ́wẹ́.

Wiedmann kò wo ilà tó wà lẹ́nu nìkan. Ó tẹ̀ lé e padà sẹ́yìn títí dé àwọn ògiri àkọ́kọ́, èyí tí ẹran náà mọ nígbà tó ṣì jẹ́ ìkókó. Níbẹ̀ ló ti rí àṣírí. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ámónáìtì tó gbé láyé ní sáà kan náà pẹ̀lú àwọn heteromorph tó kẹ́yìn, ilà ìkókó ní kòtò 5. Ti àwọn heteromorph yìí ní kòtò 4. Ìyẹn fi hàn pé ọmọ ìdílé kan ni Crioceratites, Ancyloceras, Hamites, Turrilites, Baculites, Scaphites àti Nipponites, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí wọn kò jọra rárá. Ancyloceratina ni wọ́n ń pe ìdílé ńlá náà.

Ohun kejì tó jáde nínú àyẹ̀wò yìí ló ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Àwọn ámónáìtì kan wà, bíi Deshayesites àti Douvilleiceras, tí ìkarahun wọn ká dáadáa. Ẹni tó bá rí wọn yóò ní àwọn wọ̀nyí ni ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ilà ìkókó wọn, kòtò 4 ló wà níbẹ̀. Ọmọ àwọn tó tú ká ni wọ́n. Àwọn bàbá wọn tú ká, àwọn ọmọ sì tún padà ká. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ fún àwọn tó ní ìran náà ti gbó? Arúgbó kì í padà di géńdé. Bí ìkarahun bá lè tú kó sì tún ká, a jẹ́ pé títú náà kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Ọ̀nà ìgbé ayé kan lásán ni, tí ìdílé lè gbà, tó sì lè fi sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, Wiedmann fi hàn pé gbogbo àwọn tó ní ìrísí àjèjì kì í ṣe ọmọ bàbá kan. Àwọn tó wà ṣáájú àjálù mílíọ̀nù 201 ọdún jẹ́ ìdílé ọ̀tọ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 170 ọdún sẹ́yìn, Spiroceras àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ká láti inú ìdílé mìíràn, kò sì sí àjálù ńlá kankan tó tẹ̀ lé e. Àwọn Ancyloceratina ló ṣìkẹta. Bí a bá ní ká kó gbogbo ẹni tó ga nínú ìlú jọ, a kò lè tìtorí pé wọ́n ga ká pè wọ́n ní ọmọ ìyá kan. Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Kódà, ọ̀pá tààrà bíi Baculites kò bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ ní tààrà. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, ìkarahun rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, ó sì ká bíi ti àwọn ìbátan rẹ̀ yòókù. Lẹ́yìn ìgbà náà ni yóò tó nà lọ. Ẹni tó bá di ọ̀pá náà mú ní àárín kò ní mọ̀, àfi ẹni tó bá wo ìdí rẹ̀.

Ìran tó ń kú kì í tàn ká ayé

Ẹ jẹ́ ká tún wo ọjọ́ orí. Ó ju mílíọ̀nù 75 ọdún lọ tí ìdílé Ancyloceratina fi wà nínú òkun ayé. Nígbà tí Crioceratites wà ní ìgbà ọlá rẹ̀, ó ṣì ku ohun tó lé ní mílíọ̀nù 60 ọdún kí ámónáìtì tó parẹ́. Àìsàn wo ló máa ń ṣe ènìyàn láti ìkókó títí dé ogbó tí a óò ní òun ló pa á?

Baculites ni ẹlẹ́rìí tó lágbára jù. Nígbà ayé rẹ̀, òkun kan la àárín Amẹ́ríkà kọjá láti gúúsù dé àríwá, Baculites sì kún inú rẹ̀. Ó pọ̀ débi pé William Cobban, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òkúta, fi ìyípadà inú ìkarahun rẹ̀ àti ti àwọn bíi Scaphites ṣe kàlẹ́ńdà. Bí wọ́n bá ti rí irú Baculites kan nínú òkúta, wọ́n á mọ ìgbà tí òkúta náà di òkúta. Àwọn ẹ̀yà Blackfoot, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, ti mọ òkúta yìí kí òyìnbó tó dé. Iniskim ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń lò ó nínú ètùtù tí wọ́n fi ń pe ẹfọ̀n ilẹ̀ wọn wá fún ọdẹ.

Ní ọdún 2011, Isabelle Kruta, Neil Landman àti àwọn akẹgbẹ́ wọn gbé Baculites láti South Dakota lọ síbi ẹ̀rọ ayàwòrán inú tó lágbára gan-an ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n rí àgbọ̀n rẹ̀ àti eyín orí ahọ́n rẹ̀. Nínú ẹnu ọ̀kan, wọ́n rí oúnjẹ tó ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó kú: ìgbín òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ àti àwọn ẹran kéékèèké ìbátan edé. Ẹran tó mọ oúnjẹ rẹ̀, tó sì ń rí i jẹ, ni, kì í ṣe aláàbọ̀ ara tó ń kú lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Nígbà ayé àwọn ẹran yìí, òkun wọ inú ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, ó sì gba ọ̀nà tí odò Bẹ́núé wà gòkè lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rí ámónáìtì nínú òkúta ní Pindiga ní ìpínlẹ̀ Gombe, àti ní agbègbè Calabar. Richard Reyment, tó bá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń wo ilẹ̀ Nàìjíríà ṣiṣẹ́, kọ ìwé lórí wọn ní ọdún 1955. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ àti òkúta Nàìjíríà jáde ní ọdún 1965. Lẹ́yìn rẹ̀, Peter Zaborski láti Yunifásítì Ìlọrin ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí àwọn ámónáìtì náà, títí kan ti Calabar tó kọ̀wé lé lórí ní ọdún 1985.

Kí ló wá pa wọ́n?

Ní ọdún 1980, Luis Alvarez àti ọmọ rẹ̀, Walter, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn méjì, kéde pé òkúta ràgàjì kan láti ojú ọ̀run ló já lu ayé ní mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1991, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòtò tó gbẹ́ sílẹ̀ wà ní Chicxulub, ní ilẹ̀ Mexico. Eruku bo oòrùn, òkùnkùn ṣú, àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tó ń léfòó lójú òkun sì kú lọ bẹẹrẹbẹ. Àwọn wọ̀nyí ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ámónáìtì. Ìkókó ámónáìtì tí kò ju mìlímítà kan lọ sì ń léfòó láàárín wọn. Bí ìyàn ṣe mú àgbà, bẹ́ẹ̀ ló mú ọmọ. Ìbátan wọn, nautilus, kì í yé ẹyin púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ tóbi, ọmọ tó ń jáde láti inú rẹ̀ sì ti lágbára láti máa wá oúnjẹ nísàlẹ̀ omi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìyẹn wà lára ohun tó kó o yọ.

Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni Hyatt àti Schindewolf sọ, àwọn tí ìkarahun wọn ṣàjèjì ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀. Nínú òkúta ilẹ̀ Netherlands, àti ní Stevns Klint ní ilẹ̀ Denmark, àwọn onímọ̀ rí àmì pé ámónáìtì díẹ̀ yè fún ìgbà kan lẹ́yìn àjálù náà. Marcin Machalski àti Claus Heinberg kọ̀wé nípa ti Denmark ní ọdún 2005. Àwọn wo ló yè? Baculites ni, ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ yẹn, àti Hoploscaphites, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Àwọn tí wọ́n ní agbára ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ló gbẹ̀yìn gbogbo ẹbí kúrò lágbo.

Iṣẹ́ lórí wọn kò tíì parí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ́ bàbá fún ẹni nínú ìdílé Ancyloceratina, wọ́n sì ṣì ń yẹ ilà ìkókó wò láti fi yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún ń sọ pé ìkarahun tó lọ́ ni ẹ̀rí ìran tó ti gbó. Òkúta tó já láti òkè kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ìkarahun rẹ̀ ká tàbí ó nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó pa òkú, kó wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ikú. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìdílé tó ti wá, kó wo ilà tí wọ́n kọ fún un láti kékeré.